Wọ́n Da Oúnjẹ Nù Tán, Wọ́n Wá Ní Mo Fi Májèlé Sí I

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí ẹ má sì gé e kúrú, nítorí inú ń bí mi. Alásè ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ ìnáwó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo se ti ìkómọ kan: ráìsì, mọ́ínmọ́ín, àmàlà àti gbẹ̀gìrì, pẹ̀lú wàrà díndín tí àwọn àlejò á kọ́kọ́ fi panu. Aago méjìlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Kó tó di aago mẹ́rin, èébì ti gba gbogbo àgbàlá. Àwọn kan di ògiri mú, àwọn kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ìyá àgbà ọmọ tuntun ń fi gèlè nu ẹnu. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wọn lára, ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kejì gbogbo wọn ti padà sílé. Kò sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí wọ́n fi ní májèlé ni. Wọ́n ní ìyálé ìyá ọmọ ló fún mi lówó. Obìnrin yẹn kò bá mi sọ ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ láti àárọ̀! Ọlọ́pàá ní kí n wá, mo sì sùn sí tésàn mọ́jú kí ọkọ mi tó gba béèlì mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn obìnrin ilé ti kó gbogbo oúnjẹ tó ṣẹ́kù, wọ́n ti dà á sí kòtò lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ti fi ọṣẹ àti yanrìn bó ìkòkò. Wọ́n da oúnjẹ nù! Kí la wá fẹ́ fi mọ òótọ́?

Wàrà bíi mẹ́jọ ló ṣẹ́kù sínú kúlà kékeré tí mo gbé padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe kúrò ní tésàn, òun ni mo lọ gbé. Mo dì í sínú náílọ́nù méjì, mo kó áísì yí i ká, mo gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kan. Ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ wo náílọ́nù, ó wo ojú mi, ó ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ la máa ń yẹ̀ wò níbí o, a kì í yẹ oúnjẹ wò.” Mo dé ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, kí n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀gá kò sí nílé. Ibi kẹta ni wọ́n ti fi sùúrù dá mi lóhùn: wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, ó sì dìgbà tí ẹnì kan bá ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó rà á. Lọ́jọ́ kẹta, áísì ti yọ́, wàrà ti ń rùn, èmi náà bá dà á nù.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì LAUTECH ló wá là mí lóye. Ó bi mí pé lẹ́yìn wákàtí mélòó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bì. Mo ní bíi mẹ́ta. Ó ní ṣé ara wọn gbóná? Mo ní rárá, òtútù ló ń mú wọn. Ó mi orí. Ó ní kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus, inú imú ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé, inú egbò àti eéwo ọwọ́ pẹ̀lú. Bó bá bọ́ sínú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pàápàá ohun tí a fi mílíìkì màlúù ṣe, á máa pọ̀ sí i, á sì máa tu oró síbẹ̀. Oró yẹn ló ń mú èèyàn bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́jọ.

Mo ní ṣebí mo din wàrà náà, mo dín in títí ó fi pọ́n. Ó ní, “Àǹtí, kòkòrò ni ẹ dín kú. Oró rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gé orí ejò, ṣé oró tó ti tu sílẹ̀ á bá a kú ni?” Ẹnu yà mí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sè, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé iná ló ń wẹ oúnjẹ mọ́.

Ó tún sọ ti Jàpáànù fún mi. Lọ́dún 2000, iná lọ ní ilé iṣẹ́ mílíìkì kan ní Hokkaido, mílíìkì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹ̀rọ fún wákàtí díẹ̀, kòkòrò yìí sì rí àyè. Nígbà tí iná dé, wọ́n fi ooru líle pa kòkòrò, wọ́n gbẹ mílíìkì náà di pọ́ńdà. Ó ju 13,000 èèyàn lọ tó ṣàìsàn ní agbègbè Osaka, níbi tí wọ́n ti fi pọ́ńdà náà ṣe mílíìkì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé wọ́n rí oró náà nínú pọ́ńdà yẹn gan-an, nítorí pọ́ńdà náà ṣì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dà á sí kòtò. Ẹ̀yin ará, iná lọ fún wákàtí díẹ̀ péré o! Kí ni ká ti wá sọ ti wa níbí?

Mi ò ní purọ́, ẹ̀bi lè kàn mí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ra wàrà náà nínú bàsíà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní tí mo ti ń bá rà láti ọjọ́ pípẹ́, alẹ́ àná ló ti ṣe é. Aago méje ni mo dín in tán, mo dà á sí kúlà, mo pa á dé, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbẹ̀ di ọ̀sán. Ọmọbìnrin tó bá mi gé e ní eéwo lọ́wọ́, mo rí i, mi ò kà á sí. Ó sì lè jẹ́ ráìsì ni, torí ọmọ àbúrò mi ní ráìsì náà ní kòkòrò tirẹ̀, Bacillus cereus, tí oró rẹ̀ kì í gbọ́ ti iná rárá. Bó bá jẹ́ èmi ni, kí wọ́n sọ fún mi pé èmi ni, kí n tún ọwọ́ mi ṣe. Àmọ́ ta ló máa sọ ọ́, nígbà tí wọ́n ti da oúnjẹ nù, tí kò sì síbi tí èèyàn lè gbé abọ́ oúnjẹ kan lọ?

Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn aláṣẹ jà. Àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ máa ń ṣí ìkòkò omi wò. Àwọn ti òde òní, owó ìwé àṣẹ ni wọ́n ń wá gbà, wọn kì í bẹ inú kúlà wò. Ọdọọdún ni a ń sanwó, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti yẹ wàrà ọjà wò, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n bá kòkòrò yìí nínú rẹ̀. Ta ló wá sọ fún àwa tó ń dín wàrà? Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, ó tán.

Kì í sì í ṣe pé ọgbọ́n kò sí. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gún fún aláboyún, oró kòkòrò ni wọ́n fi ń kọ́ ara láti mọ̀, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ti àìsàn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní diphtheria, tó jà gan-an ní Kano lọ́dún 2023. Láti ọdún 1890 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Behring àti Kitasato, ti fi hàn ní Jámánì pé ara ẹranko lè kọ́ láti pa irú oró bẹ́ẹ̀. Fún oró inú oúnjẹ yìí, kò sí abẹ́rẹ́. Àmọ́ ohun èlò tó ń rí i wà: wọ́n á po oúnjẹ mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á kán an sí i, àwọ̀ á yí padà. Òmíràn dà bí èyí tí àwọn obìnrin fi ń yẹ oyún wò, ìlà á yọ. Ṣé irú ìyẹn ni gbogbo ìjọba kò lè rà?

Ohun tí mo fẹ́ rèé, mo sì ti ń pariwo rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́: abọ́ ẹlẹ́rìí. Ní Jàpáànù, ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún èrò, wọ́n á bu gíráàmù 50 nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ṣáínà, gíráàmù 125 ni ti ilé ìwé, wákàtí 48 nínú fíríìjì. Ẹ jẹ́ kí tiwa jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Kí alásè bu oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ onídèérí, kó tó ìwọ̀n ọsàn kan, kí a tó bu ti àlejò àkọ́kọ́. Kí a fi ṣíbí tó mọ́ bù ú, kí a kọ ọjọ́, aago àti orúkọ alásè sí i lára, kí olóde náà fọwọ́ sí i. Olówó họ́ọ̀lù ni kó ni fírísà tí wọ́n máa kó o sí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá ní, kí wọ́n má jẹ́ kó yá họ́ọ̀lù. Bí iná bá lọ, ẹ kó áísì sínú kúlà, a mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bó bá jẹ́ àgbàlá ilé ni wọ́n ti ṣe é, kí wolé-wolé àdúgbò gbà á pamọ́, kó rí nǹkan ṣe. Abọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni! Ká ní ó wà lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá má sun tésàn, wọn ò sì bá má ba orúkọ ìyálé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ wá ibi kan tí wọ́n á ti máa yẹ oúnjẹ wò. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwa alásè àti àwọn oníwàrà. Kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ bèèrè oúnjẹ kí wọ́n tó bèèrè alásè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mo ní ìsìnkú láti sè ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n. Mo ti ra abọ́ onídèérí mẹ́fà, ọmọ mi ti fi máákà kọ ọjọ́ sí wọn lára. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ bá mi bi àwọn aláṣẹ: ta ni kí n gbé wọn fún?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alásè,
Ògbómọ̀ṣọ́.