Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. A dúpẹ́ pé sáà kejì parí láyọ̀.

Èsì ìdánwò wà nínú báàgì àwọn ọmọ. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife-ẹ̀yẹ eré ìdárayá. Gbogbo SS3 ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Owó ilé-ìwé kò yí padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì.

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ SS2 ti lọ wo àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú tó wà níbẹ̀ ni lẹ́tà ti ń wọlé. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ní ti pé a pẹ́ dé, gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà Àgbádárìgì ṣe rí. Ní ti omi, kò sí ọmọ tó wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Gberefu láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Àwọn kan ní ọmọ àwọn kò sùn dáadáa. Olùgbaninímọ̀ràn wa ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rí irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu èèyàn pa, tí kò bà á lọ́kàn jẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò bà mí lẹ́rù.

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà ni ti àwọn tó ń bínú pé olùkọ́ sọ pé Yorùbá ta Yorùbá, pé Ìbàdàn náà kó ẹrú. Èmi ni mo ní kí ó sọ ọ́. Ní 1821 tí wọ́n kó Àjàyí ní Ọ̀ṣọ́gùn, ní Òkè-Ògùn tiwa níbí, kì í ṣe òyìnbó ló wá kó o. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde wa, ẹrú rẹ̀ kò kéré. Yàrá 40 ló wà ní ọgbà Seriki Abass ní Àgbádárìgì, èèyàn 40 ni wọ́n sì ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Seriki fúnra rẹ̀, wọ́n ti kó o lẹ́rú rí kó tó di ẹni tó ń ta èèyàn. Ibo ni ká fi ìyẹn pa mọ́ sí?

Ní sáà yìí kan náà, àwọn ọmọ JS3 kan pe ọmọ kíláàsì wọn ní ọmọ ẹrú, wọ́n tún fi ẹ̀yà ìyá rẹ̀ bú u. Irú èébú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré: ní Rùwáńdà, aáyán ni rédíò ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi. Láti oṣù kẹrin 1994, láàrin nǹkan bí 100 ọjọ́, nǹkan bí 800,000 èèyàn ni wọ́n pa, aládùúgbò ló sì fi àdá pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ilé ìrántí tó wà ní Kigali, níbi tí òkú tó lé ní 250,000 sùn sí, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwòrán àwọn ọmọdé, wọ́n sì kọ oúnjẹ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn sí i.

Nítorí náà, láti sáà tó ń bọ̀, ọmọ tó bá pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ ẹrú, tàbí tó fi ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn bú u, yóò lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Òbí rẹ̀ ni yóò mú un padà wá. N kò ní gba ẹ̀bẹ̀, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ alága òbí.

Inú mi dùn gidigidi sí Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí a dá sílẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ya àwòrán ọ̀nà tí wọ́n gbà mú Àjàyí láti Ọ̀ṣọ́gùn, gba Ìsẹ́yìn, títí dé Èkó, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri ilé ìkàwé. N kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ girama. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà wò ó.

A óò tún lọ sí Àgbádárìgì lọ́dún tó ń bọ̀, a óò sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé kò ní bá wa lọ, a ò sì ní bínú sí i. Ṣùgbọ́n yóò kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní kíláàsì bí àwọn yòókù. Ìwé ìfọwọ́sí wà lẹ́yìn èsì ìdánwò. Ẹ dá a padà ní ọjọ́ ìwọlé.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé,
Ìbàdàn