Ìyá Ìbejì, oríkèé ni kí o wá

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì tún un gbọ́. Ohun tí o fi parí rẹ̀, pé o fẹ́ sún ọjọ́ ìdánwò Dutch, èdè ilẹ̀ Netherlands, síwájú nítorí ọ̀rọ̀ gígùn, kò jẹ́ kí n sùn. Jọ̀ọ́, má sún un. Àwọn ọ̀rọ̀ Dutch yẹn kò le tó bí wọ́n ṣe gùn. Ibi tí o ti ń gé wọn ni kò tọ̀nà. Ṣé o rántí bí Màmá Òkè-Àdó ṣe máa ń kun adìẹ? Oríkèé ni wọ́n máa ń wá, wọn kì í fi ọ̀bẹ lé eegun.

Mú verblijfsvergunning, ìwé àṣẹ ìgbélùú tí gbogbo làálàá yìí dá lé lórí. Verblijf ni gbígbé, vergunning ni àṣẹ, s tó wà láàárín ni okùn tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Sílébù márùn-ún péré ni: ver-blijfs-ver-gun-ning. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, mẹ́wàá ni mo kà: fẹ-bi-le-i-fi-si-fẹ-gọn-ni-gi. Yorùbá inú ẹnu wa ló ṣe é. Èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, la fi ń ki i tàbí u bọ àárín, bí a ti ṣe sọ bread di búrẹ́dì. Gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n kí o tó sọ ọ́. Bí àgbọ̀n bá kan ọwọ́ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, fáwẹ̀lì kan ti yọ́ wọlé. Padà sí blijf nìkan, fi s gùn ún lẹ́yìn, kí o wá so vergunning mọ́ ọn láì mí.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé kì í fi hàn. V tó bá tẹ̀lé s máa ń di f, nítorí náà blijfs-fer ni ẹnu ń sọ. G ti gun, inú ọ̀fun ló ti ń há, bí ẹni tó fẹ́ pọ eegun ẹja. Ng tó parí rẹ̀, má pe g ibẹ̀ rárá. N inú "ó ń kọ́lé" ni, imú ló parí sí.

Ohùn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú bí o ṣe kà á. Àwa máa ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo sílébù, a máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Dutch máa ń dé ẹyọ kan ládé, yóò fi agbára pè é, yóò sì tẹ àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Blijfs ló ládé níbí, gun tẹ̀lé e, ver méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. E inú ver kì í ṣe e, kì í sì í ṣe ẹ. Jẹ́ kí ètè àti ahọ́n dẹ̀ bí ti ẹni tó rẹ̀, kí o sì kọjá. Òun náà ló wà nínú ge àti be tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àti en tó ń parí rẹ̀: zieken, aláìsàn, zieke ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Láti ìgbà àtúnṣe àkọtọ́ 1995 ni wọ́n ti ń kọ n sáàárín pannenkoek, àkàrà ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, síbẹ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ wọn kì í pè é.

Apá àkọ́kọ́ ló sábà máa ń dé adé: ZIEkenhuis, ilé ìwòsàn, ZORGverzekering, adójútòfò ìlera. Ṣùgbọ́n stadHUIS, gbọ̀ngàn ìlú, ni, ẹ̀yìn ni adé wà níbẹ̀. Àfi kí o há irú èyí sórí.

Òjò kò dá níbí láti ọjọ́ Ajé, Bọ́sẹ̀ ti ká eyín iwájú méjì, bàbá rẹ̀ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o pè ní ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Arbeidsongeschiktheidsverzekering. Lẹ́tà 33, sílébù 10: ar-beids-on-ge-schikt-heids-ver-ze-ke-ring. Adójútòfò fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ mọ́ ni. Àwa máa ń fi ilé ṣáájú, ilé ìwòsàn, ilé ìwé. Àwọn máa ń gbé ilé sẹ́yìn: zieken ni aláìsàn, huis ni ilé. Ẹ̀yìn náà ló ń yan de tàbí het, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, fún gbogbo rẹ̀, het huis, het ziekenhuis. Nítorí náà ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ verzekering títí yóò fi mọ́ ẹnu, fi ongeschiktheids sí iwájú rẹ̀, kí arbeids dé gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀, èémí máa ń tán kí ó tó dé ibi tí ìtumọ̀ wà. D tó ṣáájú s, t ni kí o pè é, kí v di f lẹ́ẹ̀kan sí i: heits-fer. Sch inú schikt kì í ṣe ṣ o. S ni, kí g inú ọ̀fun tẹ̀lé e.

Oríkèé tí a bá ṣì wá ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Valkuil, kòtò ìdẹkùn ni, val-kuil. Bí o bá gé e sí valk-uil, àṣá àti òwìwí lo kó jọ. Bí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, bíi auto-ongeluk, ìjàǹbá ọkọ̀, má ṣe é bí a ti ń sọ ilé ìwé di iléèwé. Dúró fìrí, kí o pe o méjèèjì. Zakdoek sì wà, aṣọ ìnujú: d yẹn máa ń sọ k di g, g ti gèlè gan-an. Inú mi máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Kọ̀ǹpútà lo máa bá sọ̀rọ̀ nílé aṣojú ìjọba wọn, kò sí ojú tí o máa wò bóyá ó gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ adé àti oríkèé. Bá mi ka mẹ́ta sórí fóònù kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì: verblijfsvergunning, ziekenhuis, auto-ongeluk. Kí àwọn ìbejì máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mọ ibi tí o bá ti fi i kún un.

Kí o sì sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọ̀rọ̀ gígùn nìkan ló dẹ́rù bà ọ́, àbí Bàbá Ìbejì ló sọ nǹkan lórí fóònù? Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, pè mí, aago yòówù kó jẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Bọ́sẹ̀