Lẹ́tà sí Àlàmú, nítorí ọmọ ọdún 31 yẹn

Tákìé,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹfà, 2025.

Àlàmú ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wà? Mo yà sọ́dọ̀ Màmá rẹ ní Sátidé. Òjò ṣú, wọ́n ń sáré kó láfún tí wọ́n sá, mo bá wọn kó o wọlé. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé oògùn ẹsẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Líìgì ti parí lọ́dọ̀ yín, mo sì fẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn mí láti oṣù Kejì. O rántí ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, nígbà tí Nottingham Forest na Brighton, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú tí ò ń gbé ní England, ní ayò 7 sí òdo? O ní ọmọdé ni Fabian Hürzeler, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, pé wọ́n gbé iṣẹ́ àgbà fún un, kí wọ́n lé e kílẹ̀ tó ṣú. N kò dá ọ lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ìwọ lo sọ mí di ọmọlẹ́yìn Brighton. Kó o tó kó lọ síbẹ̀, 3SC Ìbàdàn nìkan ni mo mọ̀.

Ilé ìwòran tó wà ní Àpàkẹ́ ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lewis Dunk tó jẹ́ balógun Brighton ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara rẹ̀. Mẹ́ta ti wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Chris Wood ti Forest nìkan gbá mẹ́ta. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ka ayò náà lókè bí ọmọ iléèwé ń ka oǹkà. Ni bàbá kan lẹ́yìn mi bá ní, “Bí ọmọdé bá láṣọ tó bàbá rẹ̀, kò lè ní àkísà tó o.” Àlàmú, ara mi bù máṣọ. Mo ti gbọ́ òwe yẹn rí lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìwọ náà sì ti gbọ́ ọ. A jọ wà níbẹ̀ ni.

Ṣé o rántí àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá sí iléèwé wa ní 1998? Ẹni tó gba ẹgbẹ́ àdúgbò wa tọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tó ní ká yéé ta bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni ń lé ẹyẹ oko, ká máa gbá a fún ara wa nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kípà wá. Ọmọ ọdún 24 ni. Àwọn ọmọ Ṣábó na wá ní 5-0, torí a kò tíì mọ ohun tó ń kọ́ wa ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ náà àwọn àgbà pè wá jọ. Ọ̀kan nínú wọn pa òwe aṣọ àti àkísà yẹn gan-an, wọ́n wá bi ìwọ balógun wa pé kí lo rí sí i. O ní ká wá ẹlòmíràn. Wọ́n bi mí, èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún un.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí nìyí. Mo lọ sí pápá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò wọlé, ẹ̀yìn igi máńgòrò ni mo dúró sí. Ó ti dé. Ó ti to òkúta funfun kalẹ̀ bó ṣe máa ń tò ó, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta wà nínú àwọ̀n lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wo aago. Nígbà tó yá ó fun fèrè náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé a wà níbẹ̀, ó sì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sídìí ògiri níbi tí wọn kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ léṣe. N kò jáde sí i. Ọdún 27 rèé, mo ṣì ń gbọ́ fèrè yẹn.

Ìdí tí n kò fi lè bá ọ sọ pé kí wọ́n lé Fabian Hürzeler nìyẹn.

Wo ẹni tá à ń sọ. Ọdún 1993 ni wọ́n bí i, ní Houston ní Amẹ́ríkà, Jámánì ló dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, èmi àtìwọ ti ń múra àtiwọ girama. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó di ọ̀gá ní St. Pauli, ẹgbẹ́ kan ní Jámánì, ní òpin 2022. Ní 2024 wọ́n gba ife ìpele kejì, wọ́n gòkè sí Bundesliga tó jẹ́ líìgì àgbà níbẹ̀, Brighton sì lọ mú un wá rọ́pò Roberto De Zerbi. Ẹni ọdún 31. Premier League kò tíì rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fún níṣẹ́ pátápátá, tí kì í ṣe adelé. James Milner tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ fi ọdún 7 jù ú lọ! Dunk àti Danny Welbeck náà jù ú lọ. Rò ó wò nílé tiwa: àbúrò tí o fi ọdún méje jù dìde níwájú rẹ, ó ní o ò dúró dáadáa, sún síwájú. Ta ni yóò gbọ́ nínú wa? Milner gbọ́. Ó wà nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n na Everton ní 3-0 nílé rẹ̀.

Lẹ́yìn àkísà 7-0 yẹn, kò sẹ́ni tó lé e. Ọjọ́ méje péré, Chelsea dé fún FA Cup. Bọ́ọ̀lù ti ọwọ́ kípà Brighton, Bart Verbruggen, wọ inú àwọ̀n tirẹ̀, mo sì ní ó tún ti dé. Wọ́n dá a padà, wọ́n borí ní 2-1. Ní alẹ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Chelsea kan náà tún padà wá fún líìgì. Verbruggen kan náà ló gbé bọ́ọ̀lù gígùn láti ilé rẹ̀. Kaoru Mitoma ń sá lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti òkè lẹ́yìn rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sí i bí ẹni gba ẹyin lọ́wọ́ ọmọ kékeré, ó sì rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ níwájú rẹ̀. Ó yẹ Chalobah, ẹ̀yìn Chelsea, sílẹ̀, ó rọra fi í sí igun. Gbogbo ilé ìwòran dákẹ́ ná kí ariwo tó ta. 3-0 ni wọ́n fi parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n na Southampton, Bournemouth, Newcastle nílé wọn, Fulham. Mẹ́fà léraléra, bí a bá ka ti Chelsea méjèèjì mọ́ ọn.

N kò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe pé kò ní àléébù. Àwọn ẹ̀yìn rẹ̀ ń jìnnà sílé jù, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ máa ń rí ọ̀nà gbà. Forest tún fi pẹnárítì lé wọn kúrò nínú FA Cup, oṣù Kẹrin sì korò: Aston Villa nà wọ́n, Crystal Palace tó jẹ́ alátakò wọn àtijọ́ nà wọ́n, Brentford gbá mẹ́rin sí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n na Liverpool tó ti gba líìgì ní 3-2, wọ́n sì lọ na Tottenham ní 4-1 lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ipò 11 pẹ̀lú àmì 48 ni De Zerbi fi í sílẹ̀ fún wọn. Ipò 8 pẹ̀lú àmì 61 ni ọmọdé yìí bá a dé. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ wọra pé Palace, nínú gbogbo ẹgbẹ́, ló gba FA Cup tí ọ̀nà ìdíje Yúróòpù fi dí mọ́ Brighton.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ló kù. Ọmọkùnrin kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa báyìí, ọmọ ọdún 26. Ọ̀kadà ló ń wà, ìdajì owó tó ń rí ló fi ń ra bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti pàdánù mẹ́rin léraléra, ìgbìmọ̀ sì fẹ́ jókòó lé e lórí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀. Èmi yóò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ alága ṣì ń pè ọ́ ní balógun títí dòní, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́. Gba ohùn rẹ sílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé. Sọ ohun tí Brighton ṣe lẹ́yìn 7-0 fún wọn. Sọ ti 1998 náà bí o bá lè sọ ọ́. Èmi yóò tẹ̀ ẹ́ fún wọn gbọ́.

Bí bàtà bọ́ọ̀lù tó ti kéré fún àwọn ọmọ rẹ bá wà nílé, dì í mọ́ ẹrù ẹni tó bá ń bọ̀. Méjìlá ni àwọn ọmọ tí wọn kò ní bàtà.

Kí ìyàwó wa.

Èmi ni,
Àkànní.