Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹsẹ 12 Tí A Máa Ń Fò

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí o, torí ọ̀sẹ̀ tó le ni: ọmọ wa kan tó ń darí àdúrà fún wa ti ná owó ìjọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ti kúrò láàárín wa. Ìwàásù mìíràn ni mo ti múra sílẹ̀, mo ti pa á tì. 1 Kọ́ríńtì 10:13 ni mo fẹ́ ká jókòó tì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré: "olódodo ni Ọlọ́run, ẹni tí kì yóò jẹ́ kí a dán yín wò ju bí ẹ̀yin ti lè gbà." A ń fi ṣe status, a ń kọ ọ́ sára mọ́tò. Kí ló wá dé tá a máa ń fo ẹsẹ 12 tó ṣíwájú ẹ̀? "Ẹni tí ó bá rò pé òun dúró, kí ó kíyèsára, kí ó má ba ṣubú."

Ẹ wo àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí. Kọ́ríńtì kì í ṣe abúlé, ìlú òwò ni, èbúté méjì ló ní, owó ń yí níbẹ̀, gbogbo ohun tójú ń fẹ́ wà ńbẹ̀, ẹni tó ń gbé Èkó ò nílò àlàyé. Pọ́ọ̀lù lo ọdún kan àti oṣù 6 láàárín wọn, ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Àwọn wo ló wá fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn ní orí 10 yìí? Kì í ṣe àwọn ọmọ ìta o, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó la òkun já ni, àwọn tó jẹ mánà, nínú wọn náà ni 23,000 ti ṣubú lọ́jọ́ kan. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi mọ́ pé "Pásítọ̀, ẹni tó ń darí àdúrà fún wa?" Ẹ ka ẹsẹ 12.

Ẹsẹ 13 náà ò sì sọ pé Ọlọ́run á gbé ìdánwò kúrò, ó ní á ṣe ọ̀nà àtiyọ. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà yẹn kì í pẹ́ dé, àwa la máa ń kọjá lára ẹ̀. Owó tí kì í ṣe tìẹ wà nínú akáǹtì ẹ, ilẹ̀ ti ṣú, gbogbo ilé ti sùn, fóònù wà lábẹ́ pílò, o ní o kàn fẹ́ yá díẹ̀ níbẹ̀ ni, á ti wọlé padà kó tó di Mọ́ńdè. Kó o tó tẹ PIN yẹn, ọwọ́ máa ń wúwo, àyà máa ń já. Ta lo rò pé ó ń dá ẹ dúró? Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Pe ẹnì kan lóru yẹn náà, sọ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba owó yìí, mi ò lè dá dúró." Ó ń tini lójú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tọ́rọ̀ Jósẹ́fù dójú ẹ̀, ẹ̀wù ló fi sílẹ̀ tó sá. Ẹni tó gbára lé Ọlọ́run máa ń tètè kígbe, ẹni tó gbára lé ara ẹ̀ ló máa ń ní òun mọ ibi tí òun máa dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ńkọ́? Ẹ mọ̀ o! Ẹ rí ọmọ náà tó ń yáwó kiri, ẹ rí i tí kì í sùn mọ́, ẹ ní kò kàn yín. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tá ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó ti ń dún báyìí, ẹ wá ń fi voice note nípa ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ láti Bàrígà dé Ìkòròdú, débi pé lọ́jà Oyìngbò ni màmá àgbà kan nínú ìjọ yìí ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Ta ló gbé e débẹ̀? Àwa náà ni. Ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù yín lónìí, kẹ́ ẹ tó kúrò lórí ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: láti òní lọ ẹni méjì ni yóò máa ka owó, ẹni méjì ni yóò gbé e lọ sí báǹkì, kò gbọ̀dọ̀ sun ilé ẹnikẹ́ni. Ká má tún fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ìdánwò ká wá ní òun ló ṣubú.

Ìwọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé ẹnì kan á fi ìwé yìí hàn ẹ́. Máa bọ̀ wálé. Olódodo tí Ọlọ́run jẹ́ ò tán lọ́jọ́ tó o ṣubú. A máa jókòó, a máa sọ bí a ó ṣe san án díẹ̀díẹ̀, kò sí ọlọ́pàá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Màmá ìjọ ń béèrè ẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ìyá ẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má jókòó sẹ́yìn lónìí, ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí ṣì ń dúró dè yín, ẹ wá síbẹ̀, kí àwọn tó wà nítòsí sì dì mọ́ wọn. Ìwọ mìíràn tí tìẹ ò bá tíì hàn sí aráyé, mo wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè láti aago 4, wá kígbe ní tìẹ.

Ìkéde kí ààyè tó tán: àìsùn Fúráìdeè ṣì dúró, aago 10. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti sún sí Sátidé lẹ́yìn ìgbálẹ̀. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ ò tíì pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ san, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má páàkì dí géètì aládùúgbò wa mọ́, wọ́n ti tún wá fẹjọ́ sùn.