Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́: ìdámẹ́wàá, oògùn Màmá, àti àwọn ìbéèrè yòókù

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 12, oṣù Ọ̀wàrà.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọ̀gìnnìtìn, o sì kú iṣẹ́ alẹ́. Bàbá Bọ́lá ní kí n kí ọ, ó ní kí o má jẹ́ kí Manchester mú ọ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dé òpin. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ohùn, dátà á sì tán kí n tó dé ìdajì, ni mo bá kúkú mú bírò. O mọ̀ pé èmi kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lásán ni mí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbà fún ẹni tó bá ní "Bíbélì wí pé" láìṣí ibẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, n óò máa dárúkọ orí àti ẹsẹ fún ọ. Ibi tó bá jẹ́ èrò tèmi, n óò wí.

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni n óò kọ́kọ́ mú, torí mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe rọlẹ̀ nígbà tí o débẹ̀. O ní pásítọ̀ yín sọ pé kí ẹ yọ ọ́ lára owó oṣù kí ìjọba tó yọ owó orí, àti pé ẹni tó bá ná an sórí nǹkan mìíràn, olè ni níwájú Ọlọ́run. O wá ń bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí o fi ti oṣù yìí ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Màmá.

Ra oògùn fún Màmá. Mo ti sọ ìdáhùn ná, kí àyà rẹ má baà máa já bí o ti ń kà á lọ.

Ó ku kí a ṣí ìwé. Málákì orí kẹta ni gbogbo wọn máa ń kà, lóòótọ́ ló sì wà níbẹ̀ pé kí wọ́n mú gbogbo ìdámẹ́wàá wá sí ilé ìṣúra. Kí ni wọ́n ń kó wá? Léfítíkù 27 ní irè oko ni, èso igi, màlúù àti agbo ẹran. Ta ló ń gbà á? Nọ́ḿbà 18 ní àwọn ọmọ Léfì ni, nítorí nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ fún ẹ̀yà yòókù, àwọn kò rí ilẹ̀ gbà. Iṣẹ́ àgọ́ ìpàdé ni oko tiwọn. Àwọn náà á sì yọ ìdámẹ́wàá nínú ohun tí wọ́n gbà, wọ́n á fún àlùfáà. Bí àwọn ènìyàn bá dáwọ́ dúró, ebi ló kàn. Nehemáyà 13 ròyìn bí àwọn ọmọ Léfì àti àwọn akọrin ṣe sá padà sí oko nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní ìpín wọn mọ́. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni Málákì ń bínú sí.

Ibi tí wọn kì í kà sí wa létí ni Deutarónómì 14, láti ẹsẹ 22 lọ. Níbẹ̀, lọ́dọọdún, baálé àti ará ilé rẹ̀ á gbé ìdámẹ́wàá ọkà, wáìnì àti òróró wọn lọ síbi tí Ọlọ́run yàn, wọ́n á sì jẹ ẹ́. Wọ́n á jẹ ẹ́, Àṣàkẹ́! Bí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n sọ ọ́ di owó, kí wọ́n di owó náà mọ́wọ́, bí wọ́n bá sì débẹ̀, kí wọ́n ra ohunkóhun tó bá wù wọ́n: màlúù, àgùntàn, wáìnì, àní ọtí líle pàápàá, kí tọmọtìyá máa yọ̀ níwájú Olúwa. Ìgbà tí mo ka ẹsẹ 26 fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, ariwo sọ. Ìyá kan ní irú Bíbélì wo lèyí. Mo ní kí ó ṣí tirẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀ wò. Bó bá wá di ọdún kẹta, ìdámẹ́wàá náà kò ní kúrò nílùú rárá: ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó ló máa jẹ ẹ́ yó. Ìyá rẹ, tí Bàbá ti fi sílẹ̀ lọ láti ọdún yìí wá, kí ni wọ́n ń pè é?

Jésù kò ní kí wọ́n má san án. Nínú Mátíù 23:23, ó bá àwọn Farisí wí pé wọ́n ń ṣírò ìdámẹ́wàá ewé míńtì àti kúmínì, wọ́n wá gbé ìdájọ́ òdodo, àánú àti ìgbàgbọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n Máàkù 7, ẹsẹ 9 sí 13, ni mo fẹ́ kí o sàmì sí nínú Bíbélì rẹ. Àwọn kan wà nígbà náà tí wọ́n máa ń sọ fún òbí wọn pé, "Ohun tí mi ò bá fi tọ́jú yín, Kọ́bánì ni, mo ti fi í fún Ọlọ́run." Jésù kò kan sáárá sí wọn. Ó ní wọ́n ti fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán, òfin tó sì dárúkọ ni "bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá rẹ." Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní owó ìdámẹ́wàá oṣù yìí, ibẹ̀ yẹn ni kí o ṣí fún un, kí o sì fi ìtẹríba ṣe é. Má bá wọn jà.

Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Kò sí èyí tó dá iye lé nínú àwọn lẹ́tà tó kọ sí àwọn ìjọ. 2 Kọ́ríńtì 9:7 ní kí olúkúlùkù ṣe gẹ́gẹ́ bó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀, kó má jẹ́ pẹ̀lú ìkorò tàbí tipátipá. Kí wọ́n yọ ọ́ kí owó orí tó kúrò tàbí lẹ́yìn rẹ̀, mo wá a títí, kò sí ẹsẹ tó sọ ọ́. Èrò tèmi rèé wàyí: mo ń san ìdámẹ́wàá lára owó ìfẹ̀yìntì mi, n kò sì ní dáwọ́ dúró, nítorí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kì í tún ara rẹ̀ ṣe, bàbá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sì ní ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi orúkọ olè dẹ́rù ba obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru láti tọ́jú ìyá rẹ̀, èmi kò lè ṣe àmín sí i.

Ìbéèrè Dámilọ́lá dùn mọ́ mi. O ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà fi Bíbélì hàn án, ó ka ìwé inú rẹ̀, ó jẹ́ 73, tiwa sì jẹ́ 66, ló bá bi ọ́ pé ta ló jí méje. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Májẹ̀mú Tuntun kò yàtọ̀, 27 ni lọ́dọ̀ àwa àti àwọn. Inú Májẹ̀mú Láéláé ni ìyàtọ̀ wà: Tóbíìtì, Júdíìtì, Ọgbọ́n Sólómọ́nì, Síírákì, Bárúkù, àti Mákábì méjèèjì. Ẹ́sítérì àti Dáníẹ́lì tiwọn sì gùn ju tiwa lọ. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ní àwọn ìwé náà láàárín ìwé tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú Bíbélì Hébérù. Àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí tó ń ka ti Gíríìkì ń kà wọ́n. Nígbà tí Martin Luther tẹ odindi Bíbélì Jámánì jáde ní 1534, ó kó wọn sọ́tọ̀ sáàárín májẹ̀mú méjèèjì, ó ní wọ́n dára láti kà ṣùgbọ́n wọn kò bá Ìwé Mímọ́ dọ́gba. Ní 1546, ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà ní Trent fèsì pé Ìwé Mímọ́ ni wọ́n.

Èyí tó máa ya Dámilọ́lá lẹ́nu ni pé Bíbélì Ọba James, tí pásítọ̀ yín ń gbé sókè lọ́jọ́ọ̀sẹ̀ yẹn, ní gbogbo àwọn ìwé yìí nínú nígbà tó jáde ní 1611. Ìgbà tó di 1826 ni Ẹgbẹ́ Bíbélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu pé àwọn kò ní náwó sórí wọn mọ́. Odindi Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti parí tipẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ Bíbélì fún àwọn míṣọ́nnárì. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwa má mọ̀ pé wọ́n wà. Àwọn Ìlànà 39 ti ìjọ Áńgílíkà tiwa ní kí a máa kà wọ́n fún àpẹẹrẹ ìwà, kí a má kàn fi wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ náà yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà. Jòhánù 10:22 sọ pé Jésù wà ní Jerúsálẹ́mù nígbà àjọ̀dún ìyàsímímọ́. Kò sí ibi tí ìtàn bí àjọ̀dún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ wà nínú ìwé 66 tiwa. Inú Mákábì ló wà.

Àwọn tó kù lára ti Dámilọ́lá kò le. Ìyàwó Káínì: Jẹ́nẹ́sísì 5:4 ní Ádámù bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin mìíràn, nítorí náà àbúrò tàbí ìbátan rẹ̀ ló fẹ́. Èso ọgbà Édẹ́nì: Bíbélì kò pè é ní ápù, àwọn ayàwòrán ló gbé ápù lé Éfà lọ́wọ́. Àwọn amòye láti ìlà oòrùn: Mátíù 2 kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta, inú ilé ni wọ́n sì ti bá ọmọ náà, kì í ṣe ibùjẹ ẹran. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn inú Lúùkù ló dé ìdí ibùjẹ ẹran. Bí ẹ bá ń ṣe eré Kérésìmesì lọ́dún yìí, kó má lọ dá eré dúró tìtorí èyí o. Mo mọ ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ gèlè. O ní wọ́n dá obìnrin kan padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé orí rẹ̀ wà lásán. 1 Kọ́ríńtì 11 ni wọ́n ń tọ́ka sí, Pọ́ọ̀lù sì sọ ọ́ lóòótọ́ fún obìnrin tó bá ń gbàdúrà tàbí tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Èmi kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwé gèlè, bí a ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka orí náà lọ síwájú. Láti ẹsẹ 17, Pọ́ọ̀lù bínú gidigidi sí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tiwọn yó níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí ebi sì ń pa tálákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò tíì rí ṣọ́ọ̀ṣì tó fi aṣọ́nà sẹ́nu ọ̀nà nítorí ìyẹn.

Ìkórè ńkọ́? O bi mí bóyá inú Bíbélì ni a ti mú un. Àjọ̀dún ìkórè wà nínú Ẹ́kísódù 23:16, ṣùgbọ́n irú ìsìn ìkórè tí à ń ṣe yìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o wà yẹn ló ti wá. Àlùfáà kan, Robert Hawker, ló pe ìjọ rẹ̀ sí ìsìn ọpẹ́ ìkórè ní Morwenstow ní Cornwall ní 1843, ọdún kan náà tí wọ́n yan Crowther sí iṣẹ́ àlùfáà ní London. Àṣà náà tàn ká, ó sì bá àwọn òyìnbó wá síbí. Àwa la wá fi ti àwọn ọmọdé, ti ọ̀dọ́ àti ti àgbà kún un, pẹ̀lú ápòòwé, aṣọ ẹgbẹ́ àti àwọn alága. Èmi fẹ́ràn ìgbà tí wọ́n bá ń lu iṣu àti àkùkọ ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn, tí iṣu kan á di owó odidi àpò iṣu nítorí pé bàbá méjì kò fẹ́ gbà fún ara wọn. O ní lọ́dọ̀ yín, ẹ̀wà inú agolo àti ìrẹsì ni ẹ ń tò síwájú pẹpẹ, tí wọ́n á kó fún àwọn aláìní ládùúgbò, ojú sì ń tì ọ́ torí kò jọ ti ilé. Má tijú rárá. Léfítíkù 23:22 ní kí olóko má kórè dé igun oko, kó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Tiyín ló sún mọ́ ọn jù.

Èyí tó gba sùúrù jù ni ti ọmọ tí Títí ọmọ rẹ bí. Títí fẹ́ ṣe ìsàmì fún un bí a ti ṣe fún òun, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi ní ó di ìgbà tí ọmọ bá lè fẹnu ara rẹ̀ gbàgbọ́. Méjèèjì ló ní ìwé lọ́wọ́. Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16 ní wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Lìdíà àti agbo ilé rẹ̀, àti fún onítúbú àti gbogbo ará ilé rẹ̀. A ò sọ fún wa pé ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, a ò sì sọ pé kò sí. Ìyàwó á ní agbo ilé kì í ṣaláì ní ọmọdé. Ọkọ á ní ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú orí 8 gbàgbọ́ ná kí ó tó wọ omi. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ kan ṣoṣo ló máa parí ẹjọ́ yìí, ìjọ méjèèjì ì bá ti parí rẹ̀ kí a tó bí wa. Ohun tí n bá ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó ọmọ jáde ní ọjọ́ kẹjọ bí a ti í ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kí àlùfáà ìyàwó àti ti ọkọ gbàdúrà. Lúùkù 2:21 ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ Jésù náà lórúkọ, nítorí náà kò sí ẹni tó máa ṣàtakò níbẹ̀. Kí wọ́n fa ti omi sẹ́yìn díẹ̀, kí tọkọtaya náà jókòó sọ ọ́ láìsí ìyá ìyàwó láàárín. Ìwọ ni mò ń bá wí o, Àṣàkẹ́. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ rẹ.

N óò yà kí Màmá lọ́jọ́ Ẹtì. Kọ orúkọ oògùn náà àti bí wọ́n ṣe ní kó máa lò ó sínú ìwé kékeré kan nígbà tí o bá ń fi ránṣẹ́, kí n lè kà á fún ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Bá mi kí Dámilọ́lá. Sọ fún un pé ìbéèrè tó bá tún kù, kó kọ ọ́ sí mi fúnra rẹ̀, kó sì gbìyànjú kọ ọ́ ní Yorùbá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Bọ́lá