Àdúrà kò ní ká má bèèrè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí àwa Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ká sáà máa gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà o. Àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń bá àwọn àlùfáà ilé ìwòsàn kan níhìn-ín lọ bẹ aláìsàn wò. Mo máa ń gbàdúrà fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹlòmíràn, ká kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ló ń fẹ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, bàbá òyìnbó kan wo káàdì ọrùn mi, ó wo ojú mi, ó ní kí n lọ pe àlùfáà gidi wá. Inú mi ru. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí ọ̀rọ̀ bá gún wa, ká kọ́kọ́ fura sí bí ẹsẹ̀ wa ṣe tẹ ilẹ̀, ká mí kanlẹ̀ ká tó fèsì. Mindfulness ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi kàn máa ń ní "Fara balẹ̀" ni, kò sì gbowó ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Mo mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá bi í pé, "Ṣé nítorí àwọ̀ mi ni, sà?" Kò dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní ẹsẹ̀ òun tutù. Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni wọ́n ti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Nígbà tó di 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ ń rọ́ bàbá arúgbó náà sẹ́yìn lórí iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún 2014 ni Archbishop Justin Welby, olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe fún un, ní Canterbury yẹn náà. Kì í sì í ṣe pé wọn kò gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìgbà yẹn.

Èmi náà ní tèmi. Lóṣù tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì 36 ní Peckham, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan tó fa fìlà ẹ̀wù rẹ̀ borí wá jókòó tì mí. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti fa báàgì mọ́ra. Ó rí i. Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo lẹ́nu níwájú bàbá ọjọ́sí, mo sọ̀ kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Mo sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé àwọn ọmọ yẹn kì í jalè ni? Ìyá kan tó ní ọmọkùnrin mẹ́ta nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìjọ kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù