Lẹ́tà Ìparí Sáà Ẹ̀kọ́: Ohun Ìrántí Ogun àti Orúkọ Tí A Kò Kọ

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìparí sáà ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ti gbé ẹ̀kọ́ ìtàn wọn nípa ohun ìrántí ogun délé, òbí kan sì bi mí pé kí ni ọmọdé ń wá nídìí òkú ológun. Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn.

Ògiri òkúta dúdú tó wà ní Washington ni olùkọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Maya Lin ya àwòrán rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21, tí wọ́n sì ṣí ní 1982 fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú nínú ogun Vietnam. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 58,000, bí ikú wọn sì ṣe tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ṣe tò ó, kì í ṣe bí ipò wọn ṣe ga tó. Àwọn kan bínú pé ògiri náà kò fi ìwà akin hàn, ni wọ́n bá gbé ère ọmọ ogun mẹ́ta sítòsí rẹ̀ ní 1984. Ogun kan náà ni, ṣùgbọ́n ògiri ń mú kí èèyàn ṣọ̀fọ̀, ère sì ń mú kí ọmọkùnrin fẹ́ yan bí ológun. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè ibi tí orúkọ àwọn ará Vietnam tó kú wà. Kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló gbé ẹ̀kọ́ náà dé Nairobi ní Kẹ́ńyà, níbi tí ère àwọn ọmọ ogun àti alárùú Áfíríkà tó sin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní wà. Àkọlé ìdí rẹ̀ ṣèlérí pé bí ẹni tó jà fún ilẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rántí orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn síbẹ̀. Ní Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, orúkọ tó lé ní 54,000 ni wọ́n gbẹ́ sára ẹnubodè Menin fún àwọn tí a kò rí òkú wọn nínú ogun kan náà. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú irú àwọn ibi wọ̀nyí tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé ó kéré tán, 116,000 òkú ogun náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni a kò fi orúkọ rántí, tàbí tí a kò rántí rárá. Èmi kò sọ pé òkúta ń parọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ka òkúta nìkan yóò rò pé gbogbo ogun náà nìyẹn.

Nítorí náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan nípa ohun ìrántí ogun kan: ẹni tó kọ́ ọ, ìgbà tó kọ́ ọ, àti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn kọ ọ́. Mo dá ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn bàbá kan mọ̀ ní sáà tó kọjá. Bí àgbàlagbà tó fojú rí ogun bá wà nílé, kí ọmọ bi í léèrè, ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ́ sọ ọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọjọ́ ìwọlé ni a ó gba iṣẹ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́